Jẹ́jẹ́ Kò Fẹ́ Apá Òsì

Ẹni tó bá ní ajá gbọ́n, kó wá bá mi di okùn ọrùn Jẹ́jẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ kan péré. Mo ní kó wá! Bí kò bá sunkún délé, kó pè mí ní òpùrọ́.

Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń kọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa ìdọ̀tí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀. Kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́ ni, ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ojú mi ṣì wú fún oorun. Màá fi ọwọ́ òsì di okùn mú, bisikíìtì á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, màá ní, "Ẹ̀gbẹ́!" Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń kọ́ ajá ní ká máa lò nìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ajá bọ́ sí apá òsì mi, kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, kó má ṣíwájú, kó má rẹ̀yìn, bí mo bá dúró kó jókòó. Ṣé ìyẹn wá le? Jẹ́jẹ́ á wò mí tìfẹ́tìfẹ́, á ju ìrù, á rìn lápá òsì mi bí ọmọ gidi fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń sín. Lẹ́yìn náà, á gba iwájú ẹsẹ̀ mi kọjá, ó di apá ọ̀tún. Okùn á lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Màá tú ara mi sílẹ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀. Á tún bọ́ sí ọ̀tún.

"Òsì, Jẹ́jẹ́! Òsì! Ṣé ẹ̀gún wà ní òsì ọ̀hún ni?"

Á jókòó sí apá ọ̀tún mi, á la ẹnu, á máa retí bisikíìtì. Ẹ wo ìwọ̀sí!

Bàbá mi ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo gbé e wálé, ó ń sùn nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó ká jọ wẹ́rẹ́, bàbá mi wò ó, ó ní, "Èyí mà ṣe jẹ́jẹ́ o." Kò pẹ́ tó jí. Látìgbà tó ti jí yẹn, mi ò tíì rí nǹkan kan tó ṣe jẹ́jẹ́. Ó ti jẹ bàtà, ó ti fa tìmùtìmù ya, ó ti já kọ́tìnnì wálẹ̀ tòun ti irin tó gbé e dúró. Bí ẹ bá bá a wí, á ti imú rẹ̀ tútù bọ̀ yín lọ́wọ́, á rò pé ẹ̀ ń kí òun ni.

Ẹ má wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò lé e dànù. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Nígbà tí màmá mi kú, bàbá mi ṣì ń jáde. Á lọ jókòó sí ibùdókọ̀, á máa wo àwọn awakọ̀, á máa bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun ló kọ́ ìdajì àdúgbò yìí ní mọ́tò wíwà, ìdí tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Tíṣà nìyẹn. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹni tí kò bá sì gé èékánná kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sítíárìn rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Láti òkè ló ti yí wálẹ̀ títí dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yà. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó nílé ìwòsàn, ó jiná, dókítà ní kó máa rìn. Bàbá mi ní òun ò rìn mọ́, òun ti rìn tó. Ló bá dojú kọ ògiri. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga, láti orí àga padà sórí bẹ́ẹ̀dì, àfi tí mo bá gbé e lọ sí balùwẹ̀. Oúnjẹ, á tọ́ ọ wò, á tì í sẹ́yìn. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní bí àgbàlagbà bá ti ń ṣe báyìí, kì í pẹ́. Mo mọ ohun tí kì í pẹ́ túmọ̀ sí. Mi ò lè sọ fún ẹnì kankan.

Ìgbà yẹn ni Jẹ́jẹ́ dé. Ajá oníbàárà kan níbi iṣẹ́ mi ló bímọ, ó ní kí n mú ọ̀kan. Kí n tó bọ́ bàtà tán lọ́jọ́ yẹn, Jẹ́jẹ́ ti fò sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, ó fi eyín bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì sá lọ. Bàbá mi pariwo, "Olè! Olè!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró ní ilé ìdáná, mo di ìkòkò mú, omi ń bọ́ lójú mi, torí pé mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jẹun lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú. Ṣé ó ti wá yé yín? Ẹ̀mí bàbá mi ni mo so mọ́ okùn ajá yẹn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ gba àárín ẹsẹ̀ mi sá jáde. Aládùúgbò wa kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ tòun ti ẹyin. Jẹ́jẹ́ fò mọ́ obìnrin yìí láyà, ẹyin fọ́ yángá, ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ àtẹ̀gùn tó dì mú ni kò fi ṣubú. Jẹ́jẹ́ dúró síbẹ̀, ó ń lá ẹyin. Mo bẹ obìnrin yẹn títí, ó gbà. Ẹni tí kò gbà ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Òun ló ń bójú tó ilé wa, òun náà ló ń gbálẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá sì máa ń dún ní ìdí rẹ̀ ṣaworo ṣaworo. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, kò wọlé.

Ó ní, "Òfin àwọn onílé ni o, kì í ṣe tèmi. Ajá tó bá ti kọlu èèyàn nínú ilé yìí gbọ́dọ̀ yege ìdánwò Ìyá Ajá, obìnrin tó ń kọ́ ajá, kí oṣù tó parí. Bí kò bá yege, kó má sùn níbí lálẹ́ ọjọ́ náà."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọmọdé ni."

"Ọmọdé tó fẹ́ ti ìyá ọlọ́mọ lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn? Àtẹ̀gùn tí bàbá tìẹ gan-an ti ṣubú?"

Mo yíjú wo bàbá mi lórí àga, Jẹ́jẹ́ ti fi àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀. Bàbá mi kò wò wá. Ó ń fọwọ́ ra ajá náà lórí.

Bí mo ṣe di tíṣà ajá nìyẹn, èmi tí mo jẹ́ alágbàfọ̀. Mo dé ọgbà Ìyá Ajá ní ìparí ọ̀nà bọ́ọ̀sì, mo ní kó ràn mí lọ́wọ́. Obìnrin gíga ni, fèrè máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ajá sọ̀rọ̀, ní kúkúrú. Ó wo Jẹ́jẹ́ bó ṣe ń gba iwájú mi bọ́ sí ọ̀tún, ó bi mí pé, "Ṣé ẹlòmíràn tún ń kọ́ ọ nílé?"

"Ta ni yóò kọ́ ọ? Bàbá mi tí kò lè dìde?"

"Á jẹ́ pé ìwọ lò ń dà á láàmú. Dákẹ́ ariwo. Òsì ni, òsì náà ni, títí yóò fi mọ́ ọn lára."

Mo ṣe é títí. Mo pariwo, mo tún dákẹ́ ariwo. Mo fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́, mo fi ẹran bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mo jókòó sórí garawa ìdọ̀tí kan, mo ń bá ajá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna rẹ̀ rojọ́. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, bàbá wa ni o. Bí wọ́n bá lé ẹ, ó máa padà dojú kọ ògiri. Ṣé o fẹ́ kó kú ni?" Ó gbé ẹsẹ̀ lé mi lórúnkún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó dà bíi kí n ké.

Ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká dé ibẹ̀. Ìdí tábìlì áyọ́ọ̀nù ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ooru ń rú sí mi lójú, bí mo bá sì ti rí apá òsì ẹ̀wù kan báyìí, ọkàn mi á fò lọ sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tó ku ọ̀la ká ṣe ìdánwò, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé kọ́là ẹ̀wù funfun oníbàárà kan, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Òórùn ló jí mi. Ọ̀gá mi obìnrin sáré dé, ó wo ẹ̀wù, ó wò mí.

Ó ní, "Ṣé ọkọ tuntun lo ń rò ni, àbí kí ló dé?"

"Ajá ni, mà."

"Ajá!" Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Máa lọ sílé. Jọ̀ọ́, máa lọ kóo tó jó wa mọ́lé."

Ohun tó gbé mi délé lọ́sàn-án gangan nìyẹn, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò retí mi. Mo ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, mo gbọ́ ohùn kan lókè. Mo dúró. Ohùn bàbá mi ni, àmọ́ kì í ṣe ohùn ẹni tó ń ṣàìsàn. Ohùn iṣẹ́ ni, èyí tó fi máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wí nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Jíà kìíní. Rọra. Rọra ni mo ní, ta ló ń lé ẹ? A fẹ́ yà o. Wojú mi. Ó dáa. Bíréèkì! Ẹ ò rí nǹkan! Èyí á gba ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ ṣáájú àwọn kan tí mo mọ̀."

Mo yọjú. Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gun gbọọrọ níwájú ìlẹ̀kùn wa. Ó wà lórí ìdúró! Ó de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ tán, ó de táì mọ́ ọn, ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń rìn. Ó ń rìn, ẹ gbọ́ mi! Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo díẹ̀, ọ̀pá ń dún kò, kò, kò, Jẹ́jẹ́ sì ń bá a lọ, orúnkún sí èjìká, láìfa okùn. Bó bá dúró, Jẹ́jẹ́ á jókòó. Bó bá yà, Jẹ́jẹ́ á yà. Ajá tí kò lè jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta!

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, bí iná. Bàbá mi ń rìn. Ó ń fi pamọ́ fún mi ni, bóyá ó fẹ́ kí ó yà mí lẹ́nu, bóyá ojú ń tì í. Mo fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn. Ìgbà náà ni mo wá wo ibi tí ajá wà dáadáa.

Apá ọ̀tún ni.

Mo ní, "Bàbá."

Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ṣúgà. "Ìwọ ni? O tètè dé. Wo ọmọ rẹ. Gbogbo ọ̀sán la fi ń kẹ́kọ̀ọ́, o ò mọ̀."

"Kí ló dé tó fi wà lápá ọ̀tún yín?"

"Níbo ni kó wà? Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, apá ọ̀tún mi ni akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń jókòó sí. Èmi lápá òsì nínú mọ́tò, òun lápá ọ̀tún nídìí sítíárìn, torí apá ọ̀tún ni sítíárìn mọ́tò àtijọ́ mi wà. Báyìí ni mo ṣe kọ́ gbogbo wọn."

Ẹ̀yin èèyàn, ara mi bù máṣọ. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Bàbá, ẹ ń rìn." Ohun tó yẹ kí ọmọ tí wọ́n bí ire sọ nìyẹn. Àmọ́ mo ti ṣíwọ́ oorun láàárọ̀ fún ajá yìí, mo ti jó ẹ̀wù ẹlẹ́wù, ọ̀la sì ni ìdánwò. Ẹnu mi ṣáájú mi.

"Òsì ni wọ́n ń bèèrè, Bàbá! Òsì! Èmi ń kọ́ ọ lósì láàárọ̀, ẹ̀yin ń tú u ká lọ́sàn-án! Ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́! Ta ló ní kí ẹ dá sí i? Ọ̀la ni wọ́n máa lé e, ẹ̀yin lẹ sì lé e!"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo Jẹ́jẹ́, ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó yí padà, ó wọlé, kò, kò, kò, mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dún. Nígbà tí mo wọlé tẹ̀ lé e, ó ti tú táì, ó ti dojú kọ ògiri. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní inú ló bí mi, mo ní kó dárí jì mí, mo ní ká jọ lọ kọ́ ọ lósì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí." Kò jẹun. Mo mú Jẹ́jẹ́ lọ sẹ́yìn ilé fúnra mi títí a ò fi rí ara wa mọ́. Ọ̀tún. Ọ̀tún. Ọ̀tún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, Jẹ́jẹ́ sì ń lá omi ojú mi, kò mọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti di okùn mọ́ Jẹ́jẹ́ lọ́rùn kí n tó gbọ́ ohùn bàbá mi láti yàrá. "Mo ń bá yín lọ."

"Àtẹ̀gùn ńkọ́, Bàbá?"

Ìyẹn ni kò lè dáhùn. Látìgbà tó ti ṣubú, ilé ìwòsàn nìkan ló gba àtẹ̀gùn yẹn lọ, orí ibùsùn ni wọ́n sì gbé e gbà. Mo lọ kan ìlẹ̀kùn Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé yóò lé mi. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó tu pákò ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọn bàbá mi sẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ ń dún, ó ń mí gúlegúle, ó ń kùn pé, "Tíṣà, ẹ wúwo o. Kí lẹ̀ ń jẹ?" Bàbá mi dijú pinpin títí a fi délẹ̀. Mo rí i. Òógùn bò ó níwájú orí, ẹni tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bá wa lọ, ó ní àwọn onílé ní kí òun fojú ara òun rí i.

Pápá ni Ìyá Ajá ti ń ṣe ìdánwò, ó fi ẹfun fa ìlà gígùn sórí koríko. Ajá méjì ṣáájú wa, àwọn méjèèjì rìn bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá kàn wá. Mo fi Jẹ́jẹ́ sí òsì, mo gbàdúrà, mo ní, "Ẹ̀gbẹ́!" A gbéra. Ó rìn dáadáa! Ó rìn dé ìdajì ìlà, ó wá gbójú sókè wò mí bí ẹni rántí nǹkan, ó sì gba iwájú mi bọ́ sí ọ̀tún. Okùn ká mi lẹ́sẹ̀. Mo dojú bolẹ̀ lórí koríko níwájú gbogbo ayé, bisikíìtì fọ́n ká, Jẹ́jẹ́ sì ń ṣa bisikíìtì jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

Ìyá Ajá fọn fèrè. "Àyè ẹ̀ẹ̀kan ṣì wà. Bóyá ẹlòmíràn nínú ilé yín fẹ́ mú un."

Bàbá mi ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fẹ́ dì í mú, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó rìn wá bá mi, ó gba okùn. Ó gbìyànjú, mo jẹ́rìí rẹ̀. Ó fi ọ̀pá sí ọwọ́ ọ̀tún kí òsì lè ṣófo, àmọ́ bó ti gbé ẹsẹ̀ kan, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó dá ọ̀pá padà sí òsì. Jẹ́jẹ́ sáré lọ sí ọ̀tún rẹ̀, ó dúró, ó ń retí. Bàbá mi mí kanlẹ̀.

"Jíà kìíní," ló wí.

Ẹ ò bá rí wọn. Gbogbo ìlà yẹn ni wọ́n rìn, lọ àti bọ̀, ọ̀pá, ẹsẹ̀, ajá. Ajá mìíràn gbó mọ́ wọn, Jẹ́jẹ́ ò wò ó. Ó ní "Bíréèkì," Jẹ́jẹ́ jókòó kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gan-an pàtẹ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń jó. Mo ń wo ẹnu Ìyá Ajá.

Ó ní, "Tíṣà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àmọ́ apá ọ̀tún ni. Òsì ni gbogbo ajá ń rìn sí, kí méjì má baà kọlu ara wọn bí wọ́n bá pàdé lọ́nà tóóró. Bí mo bá gba tiyín, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tí mo ti dá padà? Kò yege."

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo kúnlẹ̀. "Ẹ má ṣe é báyìí, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ wò ó, ó gbọ́ràn. Kí ni òsì àti ọ̀tún? Ẹ̀mí èèyàn ló wà ńbẹ̀." Mo yíjú sí Bàbá Kọ́kọ́rọ́. "Bàbá, ẹ ti fojú yín rí i!"

Ó ń wo ilẹ̀. "Mo rí i. Àmọ́ mi ò lè parọ́ fún àwọn onílé. Iṣẹ́ mi ni."

Ìyá Ajá ló wá sọ pé òun lè fi Jẹ́jẹ́ sí ọgbà òun títí ìdánwò mìíràn, òun á sì kọ́ ẹni tó bá fẹ́ bó ṣe máa fi òsì mú un, pẹ̀lú ọ̀pá tàbí láìsí ọ̀pá. "Ṣùgbọ́n ẹni tí ajá ń gbọ́ tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa wá, lójoojúmọ́. Èmi kì í tọ́jú ajá tí kò lẹ́ni. Bí mi ò bá rí i, màá fi Jẹ́jẹ́ fún ẹni tó ń fẹ́." Ojú bàbá mi ló ń wò. Òun náà mọ̀ pé kì í ṣe èmi.

Bàbá mi kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó na okùn sí i. Jẹ́jẹ́ bá wa dé ẹnu géètì ọgbà, nígbà tí wọ́n tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. A gbọ́ ọ títí a fi wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ pọn bàbá mi gòkè padà. Kò tún kùn pé ó wúwo.

Bàbá mi dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà. Mo gbé oúnjẹ wá, mo gbé e padà. Ilé pa lọ́lọ́. Mo ká kọ́tìnnì tó ti já wálẹ̀ jọ, mo jókòó tì í, mo ronú nípa ohun tí dókítà sọ. Mo mọ̀ pé ó ti parí. Èmi tí mo pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn, kí ni màá wí fún ara mi bó bá lọ?

Láàárọ̀, mo gbé tíì síwájú rẹ̀. Ó sún mọ́ ògiri sí i. Mo ní mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi wúwo bí òkúta. Mo ti dé ìsàlẹ̀ níbi tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti ń gbálẹ̀ nígbà tí ìlẹ̀kùn wa dún lókè.

Bàbá mi ló dúró lórí àtẹ̀gùn òkè pátápátá, ibi tó ti yí wálẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó ti wọ ṣòkòtò dúdú tí mo lọ̀ fún un fún ìdánwò, ìlà rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán. Táì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo fẹ́ sáré gòkè.

"Dúró síbẹ̀," ló wí. "Má wá."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ pọ̀n yín!"

"Lójoojúmọ́?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó dá a padà. Ó tún gbé e, ó tún dá a padà. Mo fọwọ́ bo ojú. Nígbà tí mo fi ṣí i, bàbá mi ti jókòó. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí mọ́tò rẹ̀ bí aṣọ bá rún. Ó fi ọ̀pá lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó sì wọ́ ìdí rẹ̀ bọ́ sí àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé e, gbì. Ó mí. Ó tún wọ́, gbì. Aládùúgbò ẹlẹ́yin yẹn ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó rí i, ó rọra tì í padà.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó gun òkè lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àtẹ̀gùn tó kàn kí bàbá mi tó dé orí rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀.

Omi ti bo ojú mi, ni mo bá sọ ti alágbàfọ̀. "Bàbá, ṣòkòtò yẹn ń dọ̀tí o."

Ó wọ́ ìdí, gbì. Ó fi ọwọ́ nu òógùn. "Ìwọ kọ́ lò ń fọṣọ ni?" ló wí. "Fọ̀ ọ́ lálẹ́, lọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Màá tún nílò rẹ̀ lọ́la."